Koríko Iwájú Ilé: Iṣẹ́ Ìgbà Ìwọ́wé fún Ẹni Tó Fẹ́ Ta Ilé ní Maryland

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bí koríko bá hù sí ẹnu ọ̀nà, ìtìjú onílé ni. Ọkọ́ ni a fi ń ro ó. Ìgbálẹ̀ ni a fi ń gbá ilẹ̀ náà títí yóò fi mọ́ tónítóní. Ẹni tí kò bá ro àyíká rẹ̀, àwọn ènìyàn á ní ọ̀lẹ ni. Bí ejò bá sì wọ ilé rẹ̀, wọ́n á ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pè é.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Koríko ni wọ́n fi ń bo ilẹ̀ iwájú ilé. Wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ń fún un ní ajílẹ̀, wọ́n sì ń gé e bí ẹni gé irun orí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò tó ti ra ilé níbẹ̀, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Maryland tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé náà, ọ̀rọ̀ koríko yìí á di ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá yìí lọ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Maryland ní ìparí oṣù kẹjọ. Ó jí ní òwúrọ̀, ó bọ́ síta, ó rí i pé koríko yí ilé ká. Ó padà wọlé.

“Níbo lo gbé ọkọ́ sí?”

“Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ́ ṣe?”

“Kí n bá ọ ro ẹnu ọ̀nà yìí ni. Ṣé inú igbó ni àlejò yóò máa gbà wọlé ni?”

“Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Owó ni mo fi gbìn ín. A fẹ́ ta ilé yìí ní ọdún tó ń bọ̀, koríko yẹn sì ni ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò kọ́kọ́ rí.”

Ìyá náà dákẹ́. Ó tún jáde lọ wò ó. Nígbà tó padà, ó ní: “Bó bá jẹ́ pé o gbìn ín lóòótọ́, o ò gbìn ín dáadáa. Ilẹ̀ ti pá ní ibi mẹ́ta. Ilẹ̀ yẹn sì le bí àpáta. Bí mo bá gbin àgbàdo síbẹ̀, n kò ní rí nǹkan kan kó.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ. Orí ló sì bá a ṣe é tí ìyá náà fi dé ní àkókò yẹn, nítorí bó bá jẹ́ oṣù kẹta ló dé, kò sí ohun tí wọn ì bá lè tún ṣe tó máa dára.

Ìdí tó fi jẹ́ ìgbà ìwọ́wé

Ọ̀nà mẹ́rin ni ọdún pín sí ní Maryland. Ìgbà òtútù wà, tí omi ń dì tí yìnyín sì ń bọ́. Ìgbà ìrúwé tẹ̀ lé e, tí igi ń rú ewé tuntun. Lẹ́yìn èyí ni ìgbà ooru, tí oòrùn mú gan-an. Ìgbà ìwọ́wé ló gbẹ̀yìn. Ooru á máa lọ sílẹ̀, ewé igi á pọ́n, á sì máa wọ́ sílẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ìyẹn Sẹ̀tẹ́ńbà, ó sì ń lọ títí wọ oṣù kejìlá.

Ìgbà ìrúwé ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń fẹ́ gbé ilé wọn sọ́jà, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Àkókò yẹn ni àwọn olùrà pọ̀, nítorí ẹni tó ní ọmọ níléèwé fẹ́ kó dé ilé tuntun kí ọmọ tó wọ kíláàsì tuntun. Onílé á wá dúró di oṣù kẹta kó tó rántí koríko. Ó ti pẹ́ jù.

Koríko tí wọ́n gbìn sí ilé púpọ̀ ní Maryland ni èyí tí wọ́n ń pè ní tall fescue. Koríko tó fẹ́ràn òtútù ni. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí oòrùn oṣù keje àti ti oṣù kẹjọ bá mú, á rọ, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, ibòmíràn á kú pátápátá. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ara á tù ú. Atẹ́gùn ti tutù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìgbà ooru. Irúgbìn tó bá bọ́ sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tètè hù, ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14. Èpò kò ní í yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀, nítorí àwọn èpò ìgbà ooru ń kú lọ ní àkókò náà. Gbòǹgbò rẹ̀ á máa wọ ilẹ̀ lọ títí òtútù yóò fi mú kí ilẹ̀ dì. Bí ìgbà ìrúwé bá fi dé, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó gbìn ín ní oṣù kẹrin. Á hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oṣù méjì tàbí mẹ́ta péré ni gbòǹgbò rẹ̀ máa ní kí ooru tó dé bá a. Ohun kejì tún wà. Èpò kan wà tí wọ́n ń pè ní crabgrass. Ìgbà ìrúwé ni irúgbìn rẹ̀ máa ń hù, àwọn onílé sì máa ń da oògùn sílẹ̀ kó má bàa hù. Oògùn yẹn kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí irúgbìn koríko tí ẹ fowó rà hù pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ kí ìgbà ìwọ́wé kọjá ní láti yan ọ̀kan: kó gbin koríko kí èpò sì bá a hù pọ̀, tàbí kó da oògùn kí ilẹ̀ pípá sì wà níbẹ̀ lójú olùrà. Ohun tó ṣe ọmọ ìyá yìí nìyẹn. Oṣù kẹrin ló gbìn ín. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, owó náà ti ṣòfò.

Láti ìparí oṣù kẹjọ títí dé àárín oṣù kẹwàá ni àkókò tó dára jù láti gbìn ín ní Maryland. Èyí tí wọ́n bá gbìn lẹ́yìn náà lè hù, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò ní jìn kí ilẹ̀ tó dì, dídì ilẹ̀ á sì máa hú u sókè.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo Amẹ́ríkà là ń sọ. Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí pẹ̀lú, koríko tó fẹ́ràn ooru ni wọ́n ń gbìn, ìgbà ìrúwé àti ìgbà ooru sì ni iṣẹ́ tiwọn. Bí àbúrò yín bá wà níbẹ̀, ẹ má fi ẹ̀kọ́ yìí ránṣẹ́ sí i, kó má bàa bú wa.

Ilẹ̀ ló ṣáájú irúgbìn

Ìyá wa yìí kò mọ orúkọ koríko náà, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó fi gún ilẹ̀ níbi tó pá. Ọ̀bẹ náà kò wọlé ju ínṣì kan lọ. Ó ní: “Ṣé o rí i? Gbòǹgbò kò lè gba ibí yìí.”

Ilẹ̀ amọ̀ pọ̀ ní agbègbè náà. Bí ọmọdé bá ń sáré lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ gùn ún, á ki. Bí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn lọ lórí rẹ̀ ni, kò ní wọlé. Ní oko, a ó fi ọkọ́ tú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí koríko díẹ̀ ṣì wà, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ ní ihò kéékèèké. Bí ẹni fi ọ̀pá ìbẹ́pẹ gún ẹ̀kọ tútù ló rí: bí ẹ bá fa ọ̀pá náà yọ, ẹ̀kọ á wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń fa amọ̀ yọ bẹ́ẹ̀, ihò rẹ̀ á sì jìn tó ínṣì 2 tàbí 3. Amọ̀ tó bá fà yọ, kí wọ́n fi sílẹ̀ lórí koríko. Òjò á tú u ká.

Kò pọn dandan kí ènìyàn ra ẹ̀rọ náà. Wọ́n máa ń yá a lówó fún ọjọ́ kan, aládùúgbò méjì sì lè dáwó jọ yá a. Kí ilẹ̀ tutù díẹ̀ kí wọ́n tó lò ó, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ẹrẹ̀. Bí páìpù omi tàbí wáyà kan bá wà nítòsí òkè ilẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi igi kékeré sàmì sí i.

Ohun mìíràn wà tí ojú kò lè rí. Ilẹ̀ lè kan, bí ọbẹ̀ ṣe ń kan. Ilẹ̀ tó bá kan, bí ẹ da ajílẹ̀ sí i tó, koríko kò ní rí i jẹ dáadáa. Àyẹ̀wò ló ń fi èyí hàn. Kí onílé bu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ibi bíi 10 káàkiri àgbàlá, kó pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́, kó sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò. Nínú ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ padà, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n kọ pH sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Koríko fẹ́ kó wà láàárín 6 sí 7. Bó bá kéré sí 6, ilẹ̀ náà ti kan jù. Láìmù ni wọ́n ń dà sí i, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Láìmù kì í yára ṣiṣẹ́, ó lè gba oṣù púpọ̀. Bí wọ́n bá dà á ní ìgbà ìwọ́wé, òjò àti yìnyín á ti gbé e wọlẹ̀ kí olùrà tó dé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má da láìmù láìṣe àyẹ̀wò. Oògùn tí a lò láìmọ àìsàn ni.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò

Ibí yìí ni ìwé kíkà ti wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ìyá náà bá ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìtajà. Àpò irúgbìn wà níbẹ̀ jáǹtírẹrẹ, àwòrán koríko tútù yọ̀yọ̀ sì wà níwájú gbogbo wọn. Ọmọ náà gbé àpò pọ́ùn 10 kan. Ìyá náà ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ó sì mọ nọ́ńbà. Ó yí àpò náà padà. Ó rí ìwé pélébé kan lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí ni èyí tí wọ́n kọ 50 sí yìí?”

Ọmọ náà kà á. “Wọ́n ní ohun tí kì í ṣe irúgbìn ni, Màmá. Ó jẹ́ 50 nínú 100.”

“Ìyẹn ni pé nínú pọ́ùn 10 tí o fẹ́ ra yìí, pọ́ùn 5 péré ni irúgbìn?”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kì í ṣe olè jíjà. Wọ́n fi ohun kan bo irúgbìn kọ̀ọ̀kan kó lè mú omi dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka ẹ̀yìn àpò á rò pé irúgbìn 10 lòun rà. Òfin Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n kọ nǹkan wọ̀nyí sára àpò: irú irúgbìn tó jẹ́, iye tó lè hù nínú 100, iye irúgbìn èpò tó wà nínú rẹ̀, iye ohun tí kì í ṣe irúgbìn, àti oṣù tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ wá èyí tí iye tó lè hù ga, tí iye èpò sún mọ́ òdo, tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì tíì pẹ́. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní èdè.

Èló ni wọ́n máa rà? Kí wọ́n wọn ilẹ̀ ná. Àgbàlá iwájú ilé ọmọ yìí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 40. Bí a bá fi 40 sọ 50 di púpọ̀, ó jẹ́ 2,000. A ń pe ìyẹn ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 2,000. Níbi tí koríko ti wà tẹ́lẹ̀ tí a kàn fẹ́ kó dí sí i, nǹkan bí pọ́ùn 4 irúgbìn ló tó fún 1,000. Nítorí náà pọ́ùn 8 ni yóò lò. Bó bá ra àpò tí ìdajì rẹ̀ kì í ṣe irúgbìn, àpò pọ́ùn 10 kan kò ní tó o.

Àpò ajílẹ̀ náà ní tirẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta wà lára rẹ̀, fún àpẹẹrẹ 20-0-5. Èyí àkọ́kọ́ ni náítírójìn, tó ń mú kí ewé tutù. Èkejì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ̀kẹta ni pọtáṣíọ́ọ̀mù. Èyí tí wọ́n kọ 20 sí túmọ̀ sí pé nínú pọ́ùn 100 ajílẹ̀ náà, pọ́ùn 20 jẹ́ náítírójìn. Kí ló dé tí èkejì fi jẹ́ òdo? Òfin ni. Ní ọdún 2011, ìpínlẹ̀ Maryland ṣe òfin lórí ajílẹ̀ koríko, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2013. Òjò máa ń gbá ajílẹ̀ lọ sínú odò, odò á gbé e dé inú omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Chesapeake Bay. Níbẹ̀, á mú kí ewédò hù bo omi. Bí ewédò náà bá kú tó sì ń jẹrà, á gba atẹ́gùn inú omi lọ́wọ́ ẹja àti akàn, wọ́n á sì kú. Nítorí náà, onílé kò gbọdọ̀ da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sórí koríko, àyàfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ilẹ̀ náà nílò rẹ̀, tàbí bó bá ń gbin koríko tuntun tàbí ń tún ibi tó pá ṣe. Náítírójìn tó máa dà lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 0.9 lọ fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 1,000. Láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹta, kò gbọdọ̀ da ajílẹ̀ rárá. Èyí tó bá sì ta sójú ọ̀nà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, kó gbá a padà sórí koríko.

Fún ilẹ̀ 2,000 yẹn, náítírójìn kò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 1.8 lọ. Pọ́ùn 9 nínú ajílẹ̀ 20-0-5 ló ní 1.8 yẹn. Kì í ṣe gbogbo àpò ni wọ́n ń dà! Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da gbogbo rẹ̀ torí pé wọ́n ti rà á. Koríko á jó, owó á lọ, omi á sì bàjẹ́.

Gbígbìn, omi àti gígé

Kí wọ́n gé koríko tó wà níbẹ̀ kó kúrú, kí wọ́n sì fi réèkì ha òkú koríko kúrò kí irúgbìn lè kan ilẹ̀. Irúgbìn tó bá gbé orí òkú koríko dúró, ẹyẹ ló máa jẹ ẹ́. Kí wọ́n pín irúgbìn sí méjì. Kí wọ́n fọ́n ìdajì ní gígùn àgbàlá, kí wọ́n sì fọ́n ìdajì kejì ní ìbú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní í dí níbì kan kó sì pá níbòmíràn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi réèkì fà á díẹ̀díẹ̀. Kó má wọlẹ̀ jìn. Kì í ṣe iṣu.

Omi ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á bomi rin ín ní ọjọ́ kan bí àgbàrá, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Irúgbìn tó ti gba omi tó sì tún gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni, kí òkè ilẹ̀ má gbẹ, títí yóò fi hù tán. Bó bá ti hù, kí wọ́n dín iye ìgbà kù, ṣùgbọ́n kí omi pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbòǹgbò lè máa wá a lọ sísàlẹ̀.

Ìyá náà gba iṣẹ́ omi yìí ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, òun ló sì kù nílé. Ó sọ fún àwọn aráalé ní Ìbàdàn lórí fóònù pé: “Koríko ni mo ń bomi rin níhìn-ín o!” Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ní ti gígé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní gíga ínṣì 3 sí 4. Kí wọ́n má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Koríko tó kúrú jù ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún èpò. Kí ẹnu ẹ̀rọ sì mú, nítorí ẹnu tó kújú á máa fa ewé ya, orí rẹ̀ á sì funfun.

Abẹ́ igi ńlá tí oòrùn kì í dé, koríko kò ní hù síbẹ̀ dáadáa, bó ti wù kí ẹ náwó tó. Kí wọ́n fi èèpo igi tí wọ́n rún bo ibẹ̀, kó má sì kan ara igi náà. Ó mọ́ lójú, kò sì wọ́n.

Àwọn alágbàtà ilé kan á ní kí onílé ra koríko tí wọ́n ti gbìn sílẹ̀ níbòmíràn, tí wọ́n ká bí ẹní, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ síwájú ilé. Ó dára lójú lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti irúgbìn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ń fẹ́ omi púpọ̀. Lójú tiwa, ibi kékeré tó pá lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà nìkan ló yẹ kí ènìyàn ná irú owó bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tó máa ra ilé lè hú gbogbo rẹ̀ kó sì fi ibẹ̀ gbin òdòdó.

Ewé tó ń wọ́

Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, ewé á bo gbogbo àgbàlá. Bí òjò bá pa á, á lẹ̀ mọ́ra bí ẹní. Koríko abẹ́ rẹ̀ kò ní rí oòrùn, á sì kú. Kò pọn dandan kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Bí ewé kò bá nípọn jù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgékoríko kọjá lórí rẹ̀ nígbà tó gbẹ. Á rún wẹ́wẹ́, á bọ́ sáàárín koríko, á sì di ajílẹ̀ ọ̀fẹ́. Lórí koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kí wọ́n rọra fi réèkì fífẹ́lẹ́ kó o.

Kí wọ́n kó ewé inú gọ́tà òrùlé náà pẹ̀lú. Bí gọ́tà bá dí, ọ̀ṣọ̀rọ̀ á máa dà sí ìdí ògiri, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le.

Ohun tí koríko kò lè bò

Ní oṣù kọkànlá, ọmọ náà rí i pé igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kì í gbẹ lẹ́yìn òjò. Koríko ibẹ̀ tutù ju ti ibi gbogbo lọ. Ó dùn mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ kò bá a yọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ó fọwọ́ kan ògiri, ọwọ́ rẹ̀ sì rin.

“Omi ń wọ ilé rẹ.”

“Màmá, a ó kun ún lọ́dà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

“Ìwọ mọ̀. Èmi náà sì mọ̀.”

Òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Maryland, ẹni tó ń ta ilé ní ìwé kan tó gbọ́dọ̀ kọ nípa ipò tí ilé náà wà. Ó lè kọ ọ́ pé òun ń tà á bó ṣe rí, láìṣe ìlérí. Síbẹ̀, bó bá mọ àléébù kan tó fara sin, tó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ó ní láti sọ ọ́. Bó bá bò ó mọ́lẹ̀, olùrà lè pè é lẹ́jọ́ lẹ́yìn tó ti gba owó tán.

Àtúnṣe náà kò le tó bí ọmọ náà ṣe rò. Ilẹ̀ ẹ̀bá ògiri ti rì, ó sì dà sọ́dọ̀ ilé. Ó yẹ kí ilẹ̀ dà gẹ́rẹ́ kúrò lára ilé, kó fi ínṣì 6 rẹlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. Wọ́n kó ilẹ̀ amọ̀ wá, wọ́n dà á sí ìdí ògiri, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi páìpù gbé ọ̀ṣọ̀rọ̀ lọ jìnnà. Ọmọ náà tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tó rà sínú àpò ìwé kan, ó sì kọ déètì àti ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀, kí olùrà lè kà á.

Ní ọjọ́ tí ìyá náà fẹ́ padà sílé, wọ́n ya fọ́tò iwájú ilé. Koríko ti dí, ibi mẹ́ta tó pá kò hàn mọ́. Fọ́tò yẹn á wúlò bí wọ́n bá ń ta ilé kí koríko tó tún jí dáadáa lẹ́yìn òtútù, bí wọ́n bá sáà ti kọ oṣù tí wọ́n yà á sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá náà gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀bẹ náà wọlé dé èèkù.

Ẹ fi ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ṣe èyí

Àgbàlá kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50. Ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin mélòó ni?

Bí pọ́ùn 4 irúgbìn bá tó fún 1,000, pọ́ùn mélòó ni onílé náà yóò lò?

Ó rí àpò kan tí wọ́n kọ pọ́ùn 20 sí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní 50 nínú 100 kì í ṣe irúgbìn. Ṣé àpò kan yìí yóò tó o, àbí kó ra méjì?